Ìwọ̀n Tí Ìyá Alákàrà Fi Ń Hàn Ketekete

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láàrin Èkó àti Ìbàdàn, kìlómítà 157. Gbogbo ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ló ń yìn ín: ó yára, ó mọ́ tónítóní, amúlétutù ń fẹ́ nínú rẹ̀ fẹ́ẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni etí tèmi gbé. Àlàfo tó wà láàrin irin méjèèjì ti di mìlímítà 1435, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti àtijọ́, èyí tó gbéra láti Èkó tó sì wọ Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1067 péré ni, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀.

Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to rélùwéè kékeré sórí tábìlì rí lè ní kí ló kàn mí nínú ìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Leeds kò bi mí bẹ́ẹ̀, nítorí àrùn kan náà ló ń ṣe wá. Òun ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín: "Dádì, ìyà yín ti tán o! Rélùwéè ilé wa ti wọ inú páálí." Mo mọ ohun tó ń wí. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin Èkó ní kékeré lè wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá wù ú, kó ra irin tó bá a mu láì ṣe ìṣirò kankan. Nígbà tèmi, ìṣirò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí.

Inú ọgbà rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí. Fítà ni bàbá mi ní Lókò, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ elédùú palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, òórùn gíríìsì ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àwa ọmọdé inú ọgbà náà ní ọkọ̀ tiwa. Agolo mílíìkì ni kọ́ọ̀ṣì, agolo sàdíìnì ni wágọ̀nù, ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni wíìlì, a ó sì fi okùn so wọ́n mọ́ra wọn. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò sí nínú eré yẹn. Ọmọ kan lè fi agolo Bournvita ńlá ṣe orí ọkọ̀, kí kọ́ọ̀ṣì tó ń tẹ̀ lé e má ju agolo tòmátì lọ, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ẹnu la fi ń dún un: fàkà-fìkì, fàkà-fìkì. Bí ohùn rẹ bá ti ròkè tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ tóbi tó.

Nígbà ìsinmi, bàbá mi a gba páàsì fún wa, a ó sì wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo. N kò ní bu iyọ̀ sí ìrìn-àjò yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Pákó ni ìjókòó kíláàsì kẹta. Èérún èédú a máa bà lójú ẹni tó bá yọrí síta. Ọkọ̀ lè dúró sínú igbó títí ooru yóò fi mú ọmọ ọwọ́ sunkún, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ ìdí rẹ̀. Ìyá mi kì í fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Aṣọ funfun kan kò wọ inú ọkọ̀ yẹn kó jáde ní funfun. Ṣùgbọ́n Láfẹ́nwá wà lójú ọ̀nà.

Bí ọkọ̀ bá ti ń rọra wọ Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, ariwo ọjà ni yóò kọ́kọ́ wọlé, kí èèyàn tó rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ, ẹyin sísè, ọsàn tí wọ́n ti bó, gbogbo rẹ̀ ló ń gòkè wá sí ojú fèrèsé lórí àwo. Obìnrin kan wà tí ojú mi máa ń wá láàrin wọn. Alákàrà ni. Àdìrẹ ló máa ń ró, gèlè rẹ̀ a sì tẹ̀ sí apá òsì bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ń sọ. Ó lè sọ àwo kalẹ̀ láti orí, kó gbé e dé fèrèsé, kó ka àkàrà sínú ìwé, kó sì tú owó nínú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, kò ní wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ gbéra nígbà tí ṣéńjì ìyá mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di àwo mú lórí pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń pariwo pé, "Ẹ gba ṣéńjì yín o! Ẹ gbà á!" títí owó náà fi bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi. Àkàrà kan kò já bọ́ lórí àwo yẹn.

Lẹ́yìn ogun Bìáfíra ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ akáǹtì. Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà lókè ilé, mítà gáàsì inú rẹ̀ sì ń jẹ owó ẹyọ ju bí mo ṣe ń jẹun lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń yí po nínú gíláàsì rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Mo máa ń wò ó títí bọ́ọ̀sì á fi kọjá lọ láì gbé mi. Nígbà tó yá mo wọlé. Òyìnbó arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Ó bi mí pé báwo ni yàrá mi ṣe fẹ̀ tó.

Ó to ọkọ̀ mẹ́ta sórí káńtà. Èyí tó tóbi jù ni O: ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 43 ààbọ̀ lójú ayé, ẹsẹ̀ bàtà kan ló máa gbà lórí tábìlì, àlàfo irin rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 32. Ó wúwo lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì tó owó ilé mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èyí àárín ni OO, 1:76, irin mìlímítà 16.5, òun ni gbogbo ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Hornby ti gbé Dublo jáde ní 1938. Kékeré inú wọn ni N, 1:148, irin mìlímítà 9, èyí tó lè yí po lórí tábìlì ìjẹun kí àyè sì kù fún abọ́. Ó ní àwọn ará Jámánì, ilé-iṣẹ́ Märklin, tún ti gbé òmíràn dé tó ń jẹ́ Z, 1:220, irin rẹ̀ kò ju mìlímítà 6.5 lọ. Ó fi ọwọ́ nu imú, ó ní ìyẹn dára fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò le: wọn yàrá rẹ, ka owó rẹ, kí o sì rántí pé ọkọ̀ kì í lè yí kọ́nà tó bá há jù. Ìmọ̀ràn rere ni. Òun náà ló wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn tí mo rà lẹ́yìn ìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kíláàsì mi. Máìlì kan ní OO, ẹsẹ̀ bàtà 69 ni. Bí mo bá fẹ́ to gbogbo ojú irin àtijọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, tó tó kìlómítà 193, yóò ju kìlómítà méjì ààbọ̀ lọ kódà bí mo ṣe dín in kù tó yẹn. Kò sí yàrá tó lè gba ìyẹn. Àyàfi kí èèyàn mú ibì kan.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ OO yìí ná. Bí a bá dín irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kù ní 1:76, mìlímítà 18.83 ló yẹ kí àlàfo rẹ̀ jẹ́, 16.5 ni wọ́n ń tà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ fẹ́ lo irin HO tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 1:87, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré lára ju tàwọn yòókù lọ, mọ́tò iná ayé ọjọ́un kò sì gba inú rẹ̀. Wọ́n bá mú ara ọkọ̀ tóbi sí i, wọ́n fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn àgbàlagbà kan wà tó ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọn tú wíìlì kí wọ́n lè fẹ àlàfo náà dé 18.2, àwọn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń fẹ̀ ẹ́ dé 18.83 gan-an. Lójú tèmi, ara ńlá lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò burú. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ wo OO láti iwájú, ó jọ rélùwéè ilé wa ju rélùwéè tiwọn lọ.

Ìgbà òtútù kan ni mo lọ wo àfihàn wọn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, obìnrin tó wà níbẹ̀ kò sì kọjá àwọn tó ń ta tíì. Mo rò pé eré ọmọdé làwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ń ṣe, títí mo fi ka àwọn àkọlé tó wà níwájú bọ́ọ̀dù wọn. Ibùdókọ̀ tí ìjọba ti tì pa ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ìwé tí Beeching, ọ̀gá rélùwéè wọn, kọ ní 1963 rán lọ sọ́run. Oníkálukú ti padà lọ kọ́ ìlú kékeré tó ti wọkọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ti kun ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ní àwọ̀ tó rántí, ó tiẹ̀ ti fi ajá ẹnìkan sí ẹ̀bá ògiri.

Níbẹ̀, ìwọ̀n tí o ń lò ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́, kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ. Mo ní n kò tíì mú ìkankan, pé rélùwéè Nàìjíríà ni mo fẹ́ ṣe. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ kò yà á lẹ́nu pé a ní rélùwéè. Ohun tó béèrè ni bí àlàfo irin náà ṣe fẹ̀ tó. Mo ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀. Ó ní, "Á à, wàhálà dé," ó sì yí rìsíìtì tíì rẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín 1067. Ní OO, mìlímítà 14: ẹnikẹ́ni kò tà á. Ní HO, mìlímítà 12 àti díẹ̀: irin TT tí ilé-iṣẹ́ Tri-ang ti dáwọ́ rẹ̀ dúró lè sún mọ́ ọn, bí mo bá rí i rà. Ní N, mìlímítà 7: kò sí. Ó wá pín in ní 64, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní S, tí àwọn díẹ̀ péré ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bọ́ sí mìlímítà 16.7. Ó gbé bírò sílẹ̀. Irin 16.5 ni irin tó pọ̀ jù lọ lágbàáyé nínú iṣẹ́ yìí. Orí àtẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà. Àwọn ará New Zealand àti Queensland tí irin tiwọn náà jẹ́ 1067 rí ọ̀nà kan náà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà nígbà tó yá.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kankan ní S tó jọ tiwa. Ọ̀gbẹ́ni náà sọ ọ́ gbangba: irin yóò rọrùn, gbogbo ohun tó bá wà lókè irin, ọwọ́ ara rẹ ni. Ó gbà mí níyànjú pé kí n mú HO, kí n fi ojú fo àṣìṣe díẹ̀, torí mo máa rí wágọ̀nù àti ilé tó ti ṣe tán rà.

Mo padà sí yàrá mi, mo ya ìyá alákàrà. Mo kà á sí ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́rin, mo sì yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀n tó wà. Ní O, mìlímítà 37, ó ga púpọ̀, ó pé, ṣùgbọ́n òun nìkan ni yàrá mi lè gbà. Ní N, kò ju mìlímítà 11 lọ. Àwo orí rẹ̀ di mìlímítà 4, gèlè sì di àmì tíntín kan. Ní HO ó ku díẹ̀ kó tó 19. Ní S ó jẹ́ 25, àwo rẹ̀ súnmọ́ mìlímítà 10, àkàrà kọ̀ọ̀kan sì tó hóró iyanrìn tó nípọn díẹ̀. Ibẹ̀ ni gèlè náà ti lè tẹ̀ sí òsì kí ojú sì rí i. Ìwé gbogbo ní kí n wọn yàrá. Kò sí èyí tó ní kí n wọn ẹni tí mo fẹ́ rí.

Bí mo ṣe mú S nìyẹn. Pẹlẹbẹ pílásíìkì ni mo fi ṣe kọ́ọ̀ṣì kíláàsì kẹta, mo fi abẹ fá ìlà pákó sí ara ìjókòó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún orí ọkọ̀, àwọn River tó ń lo èédú ló wà lọ́kàn mi, àwọn tí wọ́n fi orúkọ odò sọ. Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows ló kọ́ àwọn kan lára wọn. Mo ra ọkọ̀ OO àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 8F, mo bó ara rẹ̀ dànù, mo sì lo ìsàlẹ̀ rẹ̀ torí wíìlì ńlá mẹ́jọ tó wà níbẹ̀. Wíìlì kékeré méjì ṣì kù tó yẹ kó wà lẹ́yìn. Fáìlì ni mo fi rẹ́ àyè wọn, eruku idẹ sì kún inú àkísà tí mo ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ṣòfò sórí ohun tí ẹ̀rọ ì bá ṣe ní wákàtí kan. Ohun tí mo gbádùn nínú rẹ̀ kò tó ohun tí mo fara dà.

Ìyá alákàrà ni mo fi àkókò ṣe jù. Wáyà ni eegun rẹ̀. Bébà tíṣù tí mo fi gọ́ọ̀mù rẹ ni ìró rẹ̀, mo fi orí abẹ́rẹ́ to ìlà àdìrẹ sí i ní búlúù méjì. Hóró iyanrìn tí mo fi àwọ̀ ilẹ̀ pupa kùn ni àkàrà. Mo gbé ọwọ́ kan rẹ̀ sí àwo, mo na èkejì síwájú pẹ̀lú ṣéńjì tí ojú kò lè rí.

Àwọn èèyàn wa tó máa ń kí mi lọ́jọ́ Àìkú kò gbà pé orí mi pé. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé la rán yín wá kà, ẹ wá ń ra ọkọ̀ ìṣeré!" Wọ́n á bi mí bóyá ọmọ ti wà lọ́nà. Màmá kan wà láàrin wọn, ará Ọ̀fà, tó wá kí ọmọ rẹ̀ láti ilé. Òun náà kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó súnmọ́ bọ́ọ̀dù, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pèpéle Láfẹ́nwá. Ó ní, "Yéè, eléyìí mà fẹ́ lọ ná. Ẹ̀yin ará, èló làkàrà?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún pè é ní ọkọ̀ ìṣeré lọ́jọ́ náà.

Lónìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní 3D printer nínú ilé ìdáná rẹ̀, oje kan tó ń le bí iná bá tàn sí i ló ń lò. Ó ya kọ́ọ̀ṣì mi sórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ 64 rẹ́, ó kọ 87 sípò rẹ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí kọ́ọ̀ṣì náà fi jáde. Orí ìṣó ara rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò gbọnrangandan bí kò ṣe ní tèmi láé. N kò ní tan ara mi jẹ, tirẹ̀ dára jù. Mo kàn rí i pé kò ní ohun tó ń fi agbára mú un yàn. Ó tẹ kọ́ọ̀ṣì kan náà jáde ní ìwọ̀n mẹ́ta, ó tò wọ́n sójú fèrèsé, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láì ní irin lábẹ́.

Nígbà tó wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé ọkọ̀ tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó ṣe ní 1:87 dání. Ó gbé e sórí irin mi, ó sì rìn geere. Ó yà á lẹ́nu, kò ya èmi. Bí ẹ bá dín 1435 kù ní 87, 16.5 ni, bí ẹ bá dín 1067 kù ní 64, ibẹ̀ náà ló ń lọ. Irin kan náà gbé rélùwéè bàbá mi, ó tún gbé ti ọmọ náà. Bí ọkọ̀ náà ṣe wọ Láfẹ́nwá ni ẹ̀rín pa wá: ìyá alákàrà mi ga ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ní òun lè tẹ obìnrin náà jáde ní 1:87 kí ó lè bá ọkọ̀ mu. Mo ní kó wo fèrèsé ọkọ̀ náà dáadáa. Kì í ṣí. Ibo ló máa gba àkàrà wọlé sí? Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èérún èédú náà kò ní ráyè wọlé, ìyá mi ì bá sì ti wọ aṣọ funfun. Mo gbà fún un.

Nísinsìnyí ó ti mú tirẹ̀: N, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ Yúróòpù, 1:160. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson tó wà ní Ẹbúté Mẹ́ta ló fẹ́ kọ́, òrùlé ńlá rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ní HO, yóò gba pálọ̀ rẹ̀ tán, yóò sì tún fẹ́ wọ ilé aládùúgbò. Mo bi í pé èèyàn ńkọ́, pé ojú kò ní rí wọn dáadáa ní ìwọ̀n yẹn.

"Ẹ̀yin lẹ lèèyàn, Dádì. Òrùlé ni tèmi."

Irin mìlímítà 9 ló ti rà. Lánàá ó tún pè mí, ó ti ṣe ìṣirò tirẹ̀: 1067 ní 1:120, mìlímítà 8.9 ni, Hornby sì ti ń ta ọkọ̀ ní TT:120 láti 2022. Bí òun bá parí òrùlé, òun lè la ojú irin àtijọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lórí irin kan náà. Ó ní kí n fi àwòrán kọ́ọ̀ṣì kíláàsì kẹta àti ti ìyá alákàrà ránṣẹ́. Nǹkan bíi mìlímítà 14 ni ìyá náà yóò jẹ́ níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kó fi pupa kun gèlè rẹ̀, torí búlúù àdìrẹ kò ní hàn ní ìwọ̀n yẹn.